Títí, ọ̀rọ̀ tí o sọ kẹ́yìn yẹn

Títí ọ̀rẹ́ mi,

Ọkàn mi ò balẹ̀ látàná, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí rọ́bà tí wọ́n fẹ́ ki bọ̀ ọ́ lọ́fun láti fi wo inú ikùn rẹ (endoscopy). Ìgbẹ́ dúdú tí o sọ kẹ́yìn ló fà á, màá dé orí rẹ̀. Rọ́bà yẹn ò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, bíi mìlímítà 9 sí 10. Ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà, kò kan ọ̀nà èémí, nítorí náà wàá máa mí. Ẹ̀yìn ahọ́n nìkan ló ti máa ń nini lára. Wọ́n á kọ́kọ́ fín oògùn kíkorò sí ọ̀fun rẹ kó lè kú, wọ́n á ní kí o fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o gbé e mì, ṣe bí ẹni gbé òkèlè mì. Lẹ́yìn ìyẹn, má gbé itọ́ mì mọ́. Jẹ́ kó máa dà jáde, torí ọ̀fun tó ti kú lè ṣi itọ́ darí sí ẹ̀dọ̀fóró.

Oúnjẹ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Má jẹ nǹkan kan fún wákàtí 6 kí wọ́n tó ṣe é. Omi lásán nìkan lo lè mu títí yóò fi ku wákàtí 2. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ikùn kó lè là, bí o bá gùfẹ̀ má tijú. Ẹran tí wọ́n bá já nínú ikùn fún àyẹ̀wò kò tó ẹyọ ìrẹsì, kò ní dùn ọ́. Bi dókítà nípa omeprazole, oògùn tó ń dín àsìídì inú ikùn kù: ó yẹ kó ti kúrò lára fún ọ̀sẹ̀ 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò Helicobacter pylori, kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ inú ikùn, lè purọ́ pé kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ lábẹ́rẹ́ oorun, má wakọ̀ fún wákàtí 24. Jẹ́ kí Bísí sìn ọ́ lọ.

 

Títí, o sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ dúdú yẹn. Oògùn onírin tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ lè sọ ìgbẹ́ di dúdú. Bí kì í bá ṣe òun lo ń lò, tí ìgbẹ́ náà ń dán bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn gan-an, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ọgbẹ́ kan máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú ikùn. Ìyẹn kì í dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Jọ̀ọ́, fi ibuprofen, oògùn ìrora tí o ń lò fún orúnkún yẹn, sílẹ̀, kí o sì lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lálẹ́ òní. Rọ́bà kan náà yìí ni wọ́n lè fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí o bá ti débẹ̀, pè mí, bó jẹ́ aago mẹ́ta òru.

Bọ́lá