Kí O Tó Gbọ́ Ọ Lẹ́nu Ẹlòmíràn

Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ 8, Oṣù Kẹta.

Ìyá Ìbejì mi,

Àárò rẹ ń sọ mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárò ló jẹ́ kí n mú bírò lálẹ́ yìí. Àwọn àgùntàn mi wọ oko ẹ̀gẹ́ Màámi. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àwọn ará ọjà tó fi fóònù gbé e dé Wales. Poro mẹ́rin ni wọ́n jẹ, ewé àti ọ̀mùnú, ìdí igi nìkan ló kù.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọn ò bú mi o. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní "hẹn," wọ́n á sì máa bó ẹ̀gẹ́ wọn lọ. Mo gbé owó lọ, wọ́n ní àwọn ò ta oko. Mo ní kí Ayọ̀ fa àgbò kékeré kan lọ fún wọn, wọ́n ní kí ọmọ tó fà á wá fà á padà. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. O rántí ọdún tí èmi àti ẹ jó abà. Wọ́n nà wá, ó sì tán lọ́jọ́ náà. Èyí kò tíì tán.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má baà rò pé ojú mi ò sí lára wọn. O mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń há ẹran mọ́ abala kan lẹ́ẹ̀kan: ọjọ́ mẹ́ta níbí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́hùn-ún, kí koríko ẹ̀yìn lè ráyè hù kí wọ́n tó yí dé orí rẹ̀ padà. Ọgbà làpálàpá tí bàbá mi gbìn dí ẹ̀gbẹ́ kan. Wáyà oníná ló dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta yòókù, mítà 50 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mò ń ká a, mo sì ń tún un nà. Ẹ̀rọ tó ń fún un níná dára, sólà ló ń lò. Àwọn ọ̀pá tó gbé wáyà dúró ló ń kó bá mi.

Ọ̀pá rọ́bà ni mo kọ́kọ́ rà, àwọn funfun tó ní ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ nísàlẹ̀, tí ìkọ́ wà lára wọn fún wáyà. Lásìkò òjò, ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń tẹ̀ wọ́n wọlẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ilẹ̀ pupa wa le bí òkúta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kán nídìí, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Èyí tí kò kán, oòrùn ti gbẹ ẹ́ débi pé ọwọ́ lásán lè ṣẹ́ ìkọ́ rẹ̀. Mo wá ra ti fáíbà lọ́wọ́ oníṣòwò kan n'Íbàdàn. Ìyẹn wọlẹ̀ tí mo bá fi òòlù lù ú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń là, oòrùn sì bó ara rẹ̀ títí ó fi ń ta ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí sí mi lọ́wọ́. Alẹ́ méjì ni Ayọ̀ fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ fún mi. Igi ńkọ́? Ikán á jẹ ẹ́, bí òjò bá sì pa á, iná á gba ara rẹ̀ wọlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, mo wà lókèèrè tí mò ń ru omi bọ̀. Mo rí ìyá àgùntàn dúdú yẹn tó fi imú kan wáyà, kò sì ta kìjí. Ó fi àyà tì í, ọ̀pá rọ́bà méjì kán, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Èyí ló dùn mí jù, pé wáyà náà ní iná lára. Iná tó bá kan ẹran gbọ́dọ̀ gba ara rẹ̀ wọlẹ̀, kó sì gba inú ilẹ̀ padà dé ibi irin ẹ́ẹ̀tì tí a gbá mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ gbẹ, ọ̀nà yẹn sì já. Mò ń da omi sídìí irin náà láràárọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹran dúró sí ni ò lómi. Ohun tó lè tún un ṣe ni kí wáyà jẹ́ mẹ́ta lára ọ̀pá kan: ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kó gbé iná, ti àárín kó so mọ́ irin ẹ́ẹ̀tì, kí ẹran tó bá ki orí bọ àárín wọn lè kan méjèèjì pọ̀, ilẹ̀ ì báà gbẹ, ì báà tutù.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn, tó tún bàjẹ́, nígbà tí mo rí fọ́tò tí o yà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ. Ọ̀pá irin tí orí rẹ̀ ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, pigtail ni wọ́n ń pè é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, á wọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ló ní, fún wáyà kan ṣoṣo. Màlúù ló wà fún. Ọmọ àgùntàn á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì tẹ̀ríba. Jọ̀ọ́, má fi owó òógùn rẹ rà á. Àwọ̀n oníná tí o sọ náà bá àgùntàn mu, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pá rẹ̀ ti so pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ wọn bá kán nínú ilẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ á dùbúlẹ̀.

Kí n má gbàgbé: Ayọ̀ ti wọ JSS 1, ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un kàn, bàbá rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà ní Lọ́kọ́ja, ó ní kí n kí ọ, àwọn onílé pupa sì bí ọkùnrin, níkẹyìn!

Mo ti lọ bá wẹ́dà. Irin 10 mm, mítà 12 ni ọ̀kan. Bí a bá gé e ní mítà kan ààbọ̀-dín-díẹ̀, 1.2 gan-an, ọ̀pá mẹ́wàá ló ń mú jáde. Ó jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ wọn fún ẹsẹ̀. Márùn-ún ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò ní oṣù kìíní, wọ́n sì wọ ilẹ̀ gbígbẹ bí ọ̀bẹ. Àmọ́ irin ni. Bí wáyà bá kàn án, iná ti lọ sílẹ̀ nìyẹn. Mo gé rọ́bà omi wé e, oòrùn là á; tí mo bá dúró jẹ́ẹ́ lálẹ́, mò ń gbọ́ iná tó ń ta, tá, tá, tá, lẹ́bàá ọ̀pá. Síbẹ̀ irin yẹn ni mo yàn. Ọ̀pá 30 ti wà nílẹ̀ báyìí, kí n fi ọ̀kan sí mítà márùn-ún márùn-ún. Bárò kan ló gbé gbogbo wọn.

Nítorí náà, má fi ọ̀pá ránṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan oko níbẹ̀, wọ́n ń ta rọ́bà kékeré tí kì í jẹ́ kí iná kan irin, insulator, èyí tí a ń kì bọ irin róbótó tí a sì ń fún mọ́ ọn. Bèèrè èyí tó gba irin 10 mm. 100 ni mo fẹ́, mẹ́ta fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí díẹ̀ ṣẹ́ kù. Kò ní gba ju báàgì kékeré lọ nínú ẹrù ẹni tó bá ń bọ̀ wálé.

Màámi ni ǹ bá bá ọ kó owó àwọn rọ́bà náà fún, bí a ṣe máa ń ṣe. Bí wọn ò bá gbà á lọ́wọ́ mi ńkọ́?

Ẹ̀rù ń bà mí. O mọ ohun tí ojú Ìgàngàn rí ní 2021, nígbà tí àwọn agbébọn tí wọ́n fura sí pé darandaran ni wọ́n pa èèyàn níbẹ̀, tí wọ́n sì jó ilé. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá pariwo pé ẹran wọ oko ní agbègbè wa, àwọn ọmọkùnrin kì í béèrè ẹran ta ni kí wọ́n tó gbé àdá. Màámi ò pariwo. Màámi fúnra wọn ni wọ́n da àwọn àgùntàn náà padà, pẹ̀lú orúnkún wọn yẹn, wọ́n kà wọ́n fún mi lẹ́nu ọ̀nà, 38, wọ́n sì yí padà lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n bá mi sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn: "Méjìdínlógójì."

Bá mi pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Má sọ pé mo bẹ̀ ọ́ níṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ nìkan ni kí o béèrè. Òjò kan rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo sì lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí kí wọ́n tó jí. Àwọn ìdí igi náà ti ń rú.

Èmi ni,
Ìyá Ayọ̀.