Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Nígbà Tí Ẹnìkejì Bá Ṣubú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹnìkan tó di ipò mú nínú ìjọ wa ti ṣubú, fídíò rẹ̀ sì ti ń tàn káàkiri, àwọn kan láàárín wa sì ń yọ̀. Bíbélì ní: “Má ṣe yọ̀ nígbà tí ọ̀tá rẹ bá ṣubú, má sì jẹ́ kí inú rẹ dùn nígbà tó bá kọsẹ̀” (Òwe 24:17). Ẹ kíyè sí i: Bíbélì kò sọ pé ọ̀tá náà kò jẹ̀bi. Ó lè jẹ̀bi. Ẹni tó ṣì dúró ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó wà nílẹ̀. Ẹsẹ 18 ló wá ń bani lẹ́rù: Olúwa lè rí ayọ̀ yẹn, kó sì burú lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń gbá badminton, eré tí a ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ kọjá àwọ̀n, ẹ mọ Carolina Marín, ọmọ Sípéènì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé, ní 2014, 2015 àti 2018. Ní Rio lọ́dún 2016, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ará Éṣíà tó gba góòlù Òlíḿpíìkì nínú eré náà. Lẹ́yìn náà ni wàhálà orúnkún dé: ti ọ̀tún ní 2019, ti òsì ní 2021, kò sì lè lọ sí Òlíḿpíìkì Tokyo. Nínú eré ẹnìkan sí ẹnìkan, ìwọ nìkan ló ń ṣọ́ ilẹ̀ tó gùn ní mítà 6.7, tó sì fẹ̀ ní mítà 5.18. Wàá fò sẹ́yìn lu bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́, wàá tún ta gìrì síwájú débi àwọ̀n. Bí ẹsẹ̀ bá ti múlẹ̀ tí ara ṣì ń yí, iṣan inú orúnkún tó so egungun itan mọ́ ti ojúgun lè já. Iṣẹ́ abẹ ló kàn, ọ̀pọ̀ oṣù sì ni kéèyàn tó padà sórí pápá.

Ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 2024, nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, Marín ti na He Bingjiao ti Ṣáínà ní 21 sí 14 ní abala kìíní, ó sì tún wà níwájú ní abala kejì, kí orúnkún ọ̀tún tó tún bàjẹ́. Ó de nǹkan mọ́ ọn, ó gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Òfin ni pé ẹni tí kò bá lè gbá a parí ti pàdánù. Bingjiao bọ́ sí àṣekágbá, An Se-young ti Gúúsù Kòríà sì borí rẹ̀. Nígbà tí Bingjiao gun pèpele láti gba fàdákà, báàjì kékeré ti Sípéènì ló mú dání kí gbogbo ayé rí i. Ó mọ ọ̀nà tí òun gbà débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fi fídíò yẹn ránṣẹ́ láti Nyanya dé Kubwa ní Àbújá kí ilẹ̀ tó mọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń pín ipò kí onípò tó kó ẹrù rẹ̀ tán? Àwọn kan tiẹ̀ dìde jẹ́rìí pé Ọlọ́run jà fún àwọn! Ọ̀tá ni Ìwé Mímọ́ ní ká má yọ̀ lé lórí. Ẹni tí a jọ ń jẹun níbi tábìlì Olúwa ńkọ́? Ẹ pa fídíò náà rẹ́ lónìí. Ẹni tó bá ti fi han ọmọ rẹ̀, kó pe ọmọ náà jókòó, kó sọ fún un pé ohun tí òun ṣe kò dára.

Síbẹ̀, mo mọ ìjọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé oúnjẹ lọ sílé kan lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí ẹ kò béèrè ohunkóhun, Olúwa rí yín, inú mi sì dùn sí yín gan-an. Ẹ̀yin yòókù, ilẹ̀kùn ilé náà ṣí. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ má wàásù.

Ìkéde: Ìpàdé Ẹgbẹ́ Obìnrin ti di Sátidé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Owó epo jẹnẹrétọ̀ kò tíì pé. Ẹ rí akápò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá badminton nínú gbọ̀ngàn, ẹ wọ bàtà onírọ́bà tí kì í yọ̀, kí ẹ sì tú àwọ̀n kí ìsìn ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.