Ẹni kẹrin náà sáré o, Olóòtú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa cross country, eré sísá gba orí koríko, òkè àti ẹrẹ̀, tí ẹgbẹ́ asáré wa lọ sá ní Sátidé, mo sì kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ẹ tiẹ̀ rántí wa, torí bọ́ọ̀lù ló máa ń gba ojú ewé eré ìdárayá tán. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn dùn mí gan-an. Ẹ dárúkọ ẹni tó wọlé ṣáájú, ẹ kọ iye mínítì tó fi sá a, ẹ wá fi ìlà kan parí ẹ̀ pé ẹgbẹ́ tiwa ò rọ́wọ́ mú torí ẹni àkọ́kọ́ wa ṣe ipò 7. Ẹ jọ̀ọ́, àwa la gba ife tíìmù lọ́jọ́ yẹn! Àwọn ọmọ yẹn gbé ife délé tán, wọ́n ṣí ìwé ìròyìn, wọ́n bá a níbẹ̀ pé àwọn ò rí nǹkan kan mú bọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń kà á, torí ó jọ pé ẹni tó kọ ìròyìn yẹn rò pé bíi ti eré mítà 100 ni. Nínú cross country, ipò tẹ́nì kan bá ṣe ni póìntì ẹ̀, ẹni tó ṣe ipò 1 ní póìntì 1, ẹni tó ṣe ipò 22 ní póìntì 22, wọ́n á wá ro ti àwọn tí wọ́n ń kà fún tíìmù kọ̀ọ̀kan pọ̀, tíìmù tí tiẹ̀ bá kéré jù ló gba ife. Ibòmíì, ẹni márùn-ún ni wọ́n ń kà nínú méje, ní ìdíje àgbáyé ti World Athletics, àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé, ẹni mẹ́rin ni nínú mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa ní Sátidé. Tiwa ṣe 7, 9, 12, 15, àròpọ̀ ẹ̀ 43. Ẹgbẹ́ tí ẹni tó ṣe ipò kìíní ti wá ṣe 1, 4, 18, 27, ìyẹn 50. Ó tán.

Ẹni tó ṣe ipò 15 yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Èmi wà níbi òkè ìkẹyìn, aṣọ òtútù àwọn asáré wa kún apá mi, nígbà tó kọjá níwájú mi ó ṣì wà ní ipò 23, ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún, irin abẹ́ bàtà ẹ̀ ti dì fún ẹrẹ̀ débi pé kò mú ilẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà níwájú ẹ̀ ń tẹ ojú ọ̀nà kan náà tí gbogbo èèyàn ti tẹ̀ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Kóòṣì ti bá wọn rin gbogbo ọ̀nà yẹn láàárọ̀, ó sì ti fi hàn wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ okùn lápá òsì ṣì le, koríko ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ yẹn rántí! Ó yà síbẹ̀, ó ń gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi wọ́n sẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan, kó tó dé ìparí ó ti kọjá ẹni mẹ́jọ, ẹni kẹta ti ẹgbẹ́ tá a ń bá du ife sì wà lára wọn. Ká ní ó dúró sí ipò 23 tó wà ni, 51 la ó ní, ẹni kẹta tiwọn á bọ́ sí ipò 17, wọ́n á wá ní 49, ife ti lọ nìyẹn. Ẹni tó gba ife fún wa nìyẹn o, orúkọ ẹ̀ ò sì sí níbì kankan nínú ìwé ìròyìn yín.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan ló rí báyìí, bó ṣe wà látọjọ́ tó ti pẹ́ ni. Ní 1924 ní Párísì, ìgbà ìkẹyìn tí cross country wà nínú Òlíńpíìkì, oòrùn mú débi pé nínú èèyàn 38 tó bẹ̀rẹ̀, 15 péré ló parí ẹ̀. Paavo Nurmi ti Fínlándì ṣe ipò kìíní, Ville Ritola, ọmọ Fínlándì náà, ṣe ìkejì, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń kà, àfìgbà tí Heikki Liimatainen tó dé, ní ipò 12, kí góòlù tíìmù tó di tiwọn. Ẹ tún wo Kẹ́ńyà, láti 1986 títí di 2003 ni tíìmù ọkùnrin wọn ń gba ìdíje àgbáyé, ọdún 18 tẹ̀léra wọn láìfo ọ̀kan. Ní 1990 àti 1991, Khalid Skah ọmọ Mòrókò ló wọlé ṣáájú, ní 2002 àti 2003, Kenenisa Bekele ọmọ Ethiopia ni, síbẹ̀ Kẹ́ńyà ló ń gbé ife tíìmù lọ. Ẹni tó bá ka orúkọ ẹni àkọ́kọ́ nìkan láwọn ọdún yẹn, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ìdíje náà?

Ti àsìkò tẹ́ ẹ kọ yẹn náà, èmi ò rí ìwúlò ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí world record fún cross country, torí kò sí ọ̀nà méjì tó jọra, òkè ibí yàtọ̀ sí ti ọ̀hún, ojú ọ̀nà kan náà gan-an tí òjò bá rọ̀ sí i ó ti di nǹkan míì. Ipò ni kẹ́ ẹ máa kọ.

Ẹ ò tiẹ̀ wá sọ nǹkan kan nípa àwọn obìnrin wa tí wọ́n ṣe ipò kejì ní tíìmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n sá, ẹrẹ̀ kan náà, gígùn kan náà. Láti 2017 ni ìdíje àgbáyé ti sọ ọ́ di kìlómítà 10 fún ọkùnrin àti obìnrin àgbà, kí ló dé tí ti ọkùnrin nìkan fi ń wọ ìwé ìròyìn?

Mi ò ní kẹ́ ẹ fún wa ní odindi ojú ewé. Tó bá di ìdíje tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn orúkọ ẹni àkọ́kọ́, ẹ kọ tíìmù mẹ́ta àkọ́kọ́ pẹ̀lú póìntì wọn, ẹ kọ orúkọ ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n kà fún wọn àti ipò tí wọ́n ṣe, tọkùnrin tobìnrin. Kò lè ju ìlà mẹ́jọ lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ti ní òun á máa fi èsì ránṣẹ́ sí yín kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ ìdíje, kẹ́ ẹ kàn sọ àdírẹ́sì tó yẹ kó fi í ránṣẹ́ sí fún wa.

Èmi ni,
Ọ̀kan lára àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ asáré