Ẹ Yí Ìdí Ọta Náà Síta

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Houston ní Texas ni mo ń gbé. Ọmọ mi ló fi ojú ewé yín ránṣẹ́ sórí fóònù mi, èyí tí ẹ gbé fọ́tò ọta ìbọn méjì sí, tí ẹ ní bàbá kan kó bọ̀ láti ogun Bọ́mà. Bàbá tó bí bàbá mi wà nínú Dìfíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà ní àfonífojì Kaladan lọ́dún 1944. Ojú mi kò tètè kúrò lára fọ́tò yẹn.

Ẹ má bínú, ọta ọdẹ ni. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù: "KYNOCH .303" ni wọ́n tẹ̀ sídìí èyí tó dorí kodò, gbàgàdà. Kynoch, iléeṣẹ́ ọta ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rọ ọta fún sójà lóòótọ́, àmọ́ "K" ni wọ́n ń tẹ̀ sí tiwọn, pẹ̀lú ọdún, bíi 43, àti "VII" tó ń sọ irú ọta tó jẹ́. Èyí tó sùn sílẹ̀ ńkọ́? Òjé hàn lórí rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ọta ọdẹ fẹ̀ lára ẹran. Irin ló ń bo ti sójà dé ṣóńṣó, torí àdéhùn ìlú Hague lọ́dún 1899 kò fàyè gba ọta tó ń fẹ̀ lára èèyàn.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Lọ́jà ìbọn kan níbí, ẹni tó ń tà á fi ìyá rẹ̀ búra pé ọta ogun Hitler ni. Mo délé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀: "HXP 76". Gíríìsì ló rọ ọ́, lọ́dún 1976! Ọta ológun gidi ni o, ṣùgbọ́n ogun ti parí láti 1945. Mi ò tiẹ̀ kábàámọ̀ púpọ̀, nítorí káàpù (ìyẹn ohun kékeré àárín ìdí ọta tó ń ṣáná sí ẹ̀tù) ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ohun tó dà bí iyọ̀ nínú, ti Gíríìsì yìí kò ní in. Bí o bá yìn ín tí o kò da omi gbígbóná gba inú ìbọn kọjá, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dípẹtà.

Ẹ kọ ọ́ pé márùn-ún ló wà nínú agolo mílíìkì ìdílé náà. Méjì lẹ yà. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí ìdí mẹ́ta tó kù síta. Kí ẹnikẹ́ni má kan ìṣó mọ́ ọn o, kí wọ́n má sì gbé e sẹ́bàá iná. Ẹ̀tù inú rẹ̀ ṣì lè gbiná. Bí ẹ bá rí ọ̀dà èsè àlùkò tó yí káàpù po, tí ẹ sì rí 42 tàbí 43, ẹ tètè sọ fún mi. Màá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yẹn láti ìhín.

Èmi ni,
Ọmọ-ọmọ sójà, Houston.