Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Tan Iná Bàbá Lálẹ́ Òní

Penzance, Cornwall, England
24 Oṣù Kejìlá

Mọ̀ọ́mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Orí fóònù àbúrò mi ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí. Mo ti sọ fún un pé kó jókòó tì yín, kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan. Mo lè pè yín, ṣùgbọ́n n kò lè fẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí tán láìsunkún.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá ti fi wá sílẹ̀, kò sí Kérésìmesì mọ́ nílé wa. Oṣù Kejìlá ni wọ́n lọ, ọdún sì bá wọn lọ. Ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má ṣe ọdún, ẹ kàn máa ń wọ yàrá, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ó di ọjọ́ kejì. Gílóòbù aláràbarà tí Bàbá máa ń ta yí bákónì ká, tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń dúró lójú títì wò, inú páálí ló wà lábẹ́ ibùsùn títí dòní. Èmi náà, nígbà tí mo dé ìlú yìí, iṣẹ́ òru ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ọjọ́ ọdún. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé owó ni mo ń wá.

Ti ọdún yìí yàtọ̀.

Abúlé kan wà létí òkun, kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé. Mousehole lórúkọ rẹ̀. Ilé olókùúta ló yí èbúté kékeré kan ká, ọ̀nà rẹ̀ sì há débi pé ọkọ̀ méjì kì í lè kọjá lára ara wọn. Tí Kérésìmesì bá ti ń bọ̀, wọn á fi iná tò yí èbúté náà ká, wọn á tún gbé òmíràn sójú omi. Ẹ ó rí ọkọ̀ ojú omi, ẹ ó rí ejò òkun, gbogbo rẹ̀ á máa tàn yòò nínú òkùnkùn, ẹ ó sì tún rí i lẹ́ẹ̀kejì nínú omi. Obìnrin ayàwòrán kan, Joan Gillchrest, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1963, okùn gílóòbù kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará abúlé ló ń ṣe é títí dòní, kò sẹ́ni tó ń san owó iṣẹ́ fún wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta iná yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Mo mọ ohun tí ẹ ó bèèrè. Apẹja ni, Newlyn ni ọkọ̀ rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ẹja tí à ń pè ní Títù lọ́jà Atakúnmọ̀sà, ìwọ̀ ló fi ń fà á, kì í ju àwọ̀n. Kò gbéyàwó rí. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ wà, mo sì ti jẹun nílé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀ọ́mi, òyìnbó ni. Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, bíi tiwa ní Ọ̀tapẹ̀tẹ́. John Wesley fúnra rẹ̀ wàásù káàkiri Cornwall yìí láyé àtijọ́, ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fi pọ̀ níbí. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà, torí ó ní òun fẹ́ fẹnu ara òun sọ ọ́ fún yín.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ la ti pàdé. Àǹtí ìyá rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa, ojú rẹ̀ ti fọ́. Bí ọmọkùnrin yìí bá ti ti orí omi dé, òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀, yóò jókòó ti màmá náà, yóò máa sọ bí òkun ṣe rí lọ́jọ́ náà fún un: àwọ̀ tí omi ní, ẹyẹ tó bà, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ ṣe nínú yàrá yẹn kí n lè gbọ́. Màmá tí kò ríran yẹn ló kọ́kọ́ rí àwa méjèèjì. Òun ló ní kó mú mi lọ wo iná.

Alẹ́ 19 oṣù yìí ló mú mi lọ. Èrò pọ̀, ọmọdé ń sáré kiri. Nígbà tó di aago mẹ́jọ, gbogbo iná kú. Mo kọ́kọ́ rò pé iná lọ ni, àfi ìgbà tí mo rí àgbélébùú kan tó ṣì ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ ìtàn náà fún mi wúyẹ́wúyẹ́.

Alẹ́ 19 Oṣù Kejìlá 1981 ni. Ọkọ̀ akẹ́rù kan, Union Star, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rin ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́, kó sínú ìjì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ náà àti ọmọbìnrin méjì wà lára wọn. Ọkùnrin mẹ́jọ láti Mousehole wọ Solomon Browne, ọkọ̀ onígi tí wọ́n fi ń dóòlà ẹ̀mí, wọ́n kọrí sínú ìjì yẹn. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn. Trevelyan Richards, olórí wọn, kò gbà kí èèyàn méjì láti inú ilé kan náà bá òun lọ. Ẹ wo èrò orí ọkùnrin yẹn, Mọ̀ọ́mi! Wọ́n sọ lórí rédíò pé àwọn ti gba èèyàn mẹ́rin. A kò gbóhùn wọn mọ́. Àwọn 16 náà ló bá omi lọ.

Charlie Greenhaugh, tó ń bójú tó ilé ọtí Ship Inn, wà lára àwọn mẹ́jọ tó lọ. Òun gan-an ló tan iná ọdún abúlé náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, iná wà ní pípa. Ta ni yóò tún láyà láti tan án? Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Mary, ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó, ló ní kí wọ́n tan án padà. Látìgbà náà, wọ́n ṣì ń tan iná ní Oṣù Kejìlá. Wákàtí kan ni wọ́n ń pa á lálẹ́ ọjọ́ 19, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án.

Nígbà tí iná padà dé, ẹkún ń gbọ̀n mí. Mo sọ ti Bàbá fún un. Mo sọ ti bákónì, mo sọ ti páálí abẹ́ ibùsùn. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí nílẹ̀ yìí. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, ṣé gílóòbù yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́? Ó ní bí ọ̀kan bá ti jó lára wọn, òun mọ bí a ṣe ń tún un ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Alẹ́ àná, a tún padà lọ. Ní ọjọ́ 23, wọ́n máa ń ṣe ìrántí Tom Bawcock, apẹja inú ìtàn wọn kan tó wọ inú ìjì lọ pẹja nígbà tí ebi ń pa abúlé. Ọmọdé gbé àtùpà kiri, wọ́n sì se páì tí orí ẹja yọ sókè lára rẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run. Ó dùn, ata ló kù. Wọ́n kọrin, mo bá wọn kọ ọ́, ohùn mi sì jáde bó ṣe máa ń jáde nígbà tí Bàbá wà. Bí a ṣe ń padà bọ̀ ló sọ pé òun fẹ́ fi mí ṣaya. N kò tíì dá a lóhùn. Mo ní ó di ìgbà tí mo bá gbọ́ ohùn yín.

Mo ti fi owó sí àkáǹtì àbúrò mi. Kó ra ìrẹsì àti adìẹ kí ọjà tó tú lónìí. Ẹ jẹ́ kó pọ̀, kó kárí ilé Àlùfáà. Wọn kò dá ẹran Iléyá wa dúró rí ní gbogbo ọdún tí a kò gbé abọ́ kankan lọ bá wọn. Kó sì fa páálí yẹn jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan iná Bàbá lálẹ́ òní, Mọ̀ọ́mi, mo bẹ̀ yín. N kò ní kí ẹ gbàgbé wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí a pa á fún wákàtí kan nítorí tiwọn, ẹ pa á, kí ẹ sì tún un tàn.

A ó pè yín lọ́la lẹ́yìn ìsìn, ní aago méjì ti Nàìjíríà. Fídíò ni, ẹ wé gèlè yín. Ẹ bi í ní gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ má wo ojú mi rárá.

Ọmọ yín,
Àdùkẹ́