Ẹ Jẹ́ Ká Máa Fi Dróònù Wọn Ìkún Omi Ògùnpa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Lẹ́yìn ọṣẹ́ tí omíyalé ṣe n'Ìbàdàn lọ́dún 1980 àti 2011, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa wọnú omi tó ń ru kó tó lè mọ bó ṣe ń sáré tó. Dróònù lè ṣe é láti òkè.

Kó dúró lójú kan, kí kámẹ́rà rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ gan-an, kó ya fídíò fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60. Ó kéré tán, àmì mẹ́rin tí a ti wọn ibi tí wọ́n wà gbọ́dọ̀ hàn, méjì ní bèbè kọ̀ọ̀kan. Láìsí wọn, kọ̀ǹpútà tó máa yẹ fídíò náà wò ò ní mọ ohun tó ń jẹ́ mítà kan nínú àwòrán. Yóò wá máa tọ ipa ìfófó, ewé àti pàǹtí. Níbi tí ojú omi bá mọ́ jù, ẹ da ewé sí i láti orí afárá.

Ojú omi máa ń yára ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fi 0.85 sọ eré ojú omi di púpọ̀: mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á di 1.7. Bí odò bá fẹ̀ ní mítà 20, tó jìn ní mítà 3, kúbíìkì mítà 102 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Jíjìn yìí gan-an ló máa ń ba ìṣirò jẹ́ jù. Àgbàrá a gbẹ́ ilẹ̀ odò, pàǹtí a tún dí i. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìkún kọ̀ọ̀kan. Oòrùn tó ń kọ mànà lójú omi náà máa ń tan kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin aláṣẹ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ri àwọn àmì náà mọ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.