Ẹ yé di ẹ̀bi jẹjẹrẹ ru ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa

Sí Olóòtú,

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìpàdé ìlanilọ́yẹ̀ kan nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, òṣìṣẹ́ ìlera kan sọ fún gbogbo wa pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni jẹjẹrẹ ti ń wá. Àbúrò mi obìnrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kókó jáde lára rẹ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú tì í débi pé ó dìde lọ kí wọ́n tó pín fìlà.

Nínú sẹ́ẹ̀lì wa kọ̀ọ̀kan, DNA, okùn tín-ín-rín tó gbé àṣẹ bí ara yóò ti ṣiṣẹ́, tó sì gùn tó mítà 2, ni ó wé mọ́ àwọn pùrótéènì tí à ń pè ní histone, bí òwú ti ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́ ahunṣọ. Àpapọ̀ wọn ni chromatin. Ibi tó bá wé le koko, sẹ́ẹ̀lì kò ní rí àṣẹ ibẹ̀ kà. Nítorí náà, àṣẹ tó ń dá àpọ̀jù ìdàgbà tó ń di jẹjẹrẹ lẹ́kun lè wà lódindi, kí wíwé náà sì pa á lẹ́nu mọ́, bí aṣọ Ojúde Ọba tí a kó ẹrù lé lórí nísàlẹ̀ àpótí: aṣọ kò ya, ṣùgbọ́n kò ṣeé mú jáde lọ́jọ́ ọdún. Mi ò sọ pé kò sí jẹjẹrẹ àjogúnbá. Ó wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni. Inú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyípadà yìí ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbí, bí ọjọ́ orí ti ń gòkè tàbí bí tábà ti ń ba ara jẹ́. Kí ló wá kan ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa?

Àwọn aláṣẹ mọ fìlà pín, wọ́n sì mọ fọ́tò yà. Láti ọdún 2006 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí vorinostat, oògùn tó ń dẹ wíwé yìí, fún irú jẹjẹrẹ kan tó ń mú awọ ara, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni wọ́n ṣì ń pariwo.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni aró àyẹ̀wò. Aró kan wà tí wọ́n fi ń kun ègé kókó láti mọ̀ bóyá SMARCB1, pùrótéènì kan tó ń bá wọn tún wíwé DNA tò, ti pòórá. Bí ó ti ń pòórá nìyẹn nínú jẹjẹrẹ burúkú kan tó ń mú ọpọlọ tàbí kíndìnrín àwọn ọmọ kékeré. Kí ìjọba kó irú aró bẹ́ẹ̀ sí ilé àyẹ̀wò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kí wọ́n sì gba ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Bí owó bá wọ́n wọn, kí àwọn régbérégbé wa yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ọdún. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí èyí. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn olùlanilọ́yẹ̀ kí wọ́n tó fún wọn ní gbohùngbohùn.

Ìlú mìíràn ni wọ́n gbé kókó àbúrò mi lọ fún àyẹ̀wò. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí, èsì kò tíì dé.

Òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde